Ẹ̀bùn Tó Máa Tán

Ìyá àgbà mi kì í mu omi ẹnikẹ́ni àfi tí onítọ̀hún bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀ o. Á gba ife náà, á dúpẹ́, á wá dá a padà sọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá. Á ní, "Ìwọ náà ti rìn jìnnà. Mu díẹ̀." Ìgbà tí ẹni náà bá gbé e mì tán ni òun náà tó máa gbé e sẹ́nu. Mo bá a gbé láti kékeré, mo sì tún padà sọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọkọ mi ṣaláìsí. Síbẹ̀, títí di oṣù tó fi kú, èmi náà ń tọ́ omi rẹ̀ wò.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, lójúde wa ní Bẹyẹrúnká, àwọn èèyàn ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n ní onínúure ni. Wọ́n ní kò fura sẹ́nikẹ́ni rí, gbogbo ayé ló máa ń finú hàn. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bóyá òkú méjì la ń ṣàdúrà fún. N ò bá wọn wí, nítorí ẹnu kì í sábà gba òótọ́ nídìí òkú. Ṣùgbọ́n obìnrin tí mo mọ̀, tí ẹ bá sọ fún un pé kò fura sẹ́nikẹ́ni rí, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

Obì ló ń tà, obì gbànja, ní Ọjà'ba, níbi tó ti jókòó kí wọ́n tó bí bàbá mi. Iṣẹ́ ìfura ni iṣẹ́ obì. Obì kì í kígbe tí kòkòrò bá wọ̀ ọ́. Ó lè pọ́n, kó máa dán, kí inú rẹ̀ sì ti di ìyẹ̀fun. Ìyá Àgbà máa ń da apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní, á máa mú obì lọ́kọ̀ọ̀kan, á yí i sójú oòrùn, á fi èékánná ha á lára. Ìgbà mìíràn á gbé e sétí, bí ẹni pé ó fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tó wà nínú ilé. Èyí tó bá dára jù lójú nínú apẹ̀rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ là. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kì í ṣe èyí tó ní àbàwọ́n ló ń là. Ó ní, "Èyí tó ní àbàwọ́n ti sọ tirẹ̀."

Oníbàárà rẹ̀ tó pẹ́ jù lọ ni ọkùnrin Hausa kan láti Sábó, tí gbogbo wa ń pè ní Máì-gòrò, ìyẹn olóbì lédè wọn. Wọ́n bára wọn ṣòwò títí irun àwọn méjèèjì fi funfun. Lọ́jọ́ kan Máì-gòrò dé, inú rẹ̀ dùn, ó ń yin Ìyá Àgbà.

"Ìyá, kò sí obì tó dà bíi tiyín ní gbogbo Ìbàdàn. Ẹ̀yin nìkan ni mo gbẹ́kẹ̀ lé."

Ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín, á dúpẹ́. Ìyá Àgbà fa apẹ̀rẹ̀ tó ti dì fún un tẹ́lẹ̀ mọ́ra, ó tú ewé orí rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ obì inú rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Hàbà, Ìyá! Mo ń yìn yín ni!"

"Mo gbọ́. Mo fẹ́ mọ ohun tí o rí tí èmi ò rí."

Ọkùnrin náà jókòó sórí àpótí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tó lọ tán, Ìyá Àgbà kọjú sí mi. "Àṣàkẹ́, ẹni tó bá bú ọ, ó ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá yìn ọ́, dúró gbọ́ èyí tó kù."

Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì bi í, àwọn tó ń kọ orúkọ fún káàdì ìdìbò bi í, àwọn ọmọ rẹ̀ náà bi í. Á ní kí wọ́n kọ èyí tó bá wù wọ́n. Èmi rò pé ó mọ̀ ọ́n dáadáa. "Ẹni tó bá ń ka ọdún mi," ó sọ fún mi, "ó fẹ́ mọ ìgbà tí yóò tán ni."

Àbúrò mi Wàhábì, ọmọ bàbá àti ìyá mi, ló ra fóònù fún un. Ṣọ́jà ni Wàhábì. Òkè Ọya ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kì í sì í lè wálé bó ṣe fẹ́. Ìyá Àgbà gba fóònù náà, ó súre fún un, ó wé e mọ́ ìborùn, ó sì fi igbá bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní ohun tó lè gbọ́ òun láti òkè Ọya, ta ló mọ ohun mìíràn tó ń gbọ́? Tó bá ti ń dún lábẹ́ igbá, èmi ni mo máa ń yọ ọ́, tí mo máa ń gbé e sí i létí.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá Àgbà. Wàhábì ni."

"Wàhábì wo?"

"Wàhábì yín, ẹ jọ̀ọ́."

"Gbogbo olè ló ń jẹ́ Wàhábì mi. Kí ni mo máa ń pè ọ́?"

"Àjàní."

"Kí lo ṣe fún adìẹ mi?"

Níbí ni ohùn àbúrò mi ti máa ń lọ sílẹ̀, torí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ máa ń wà nítòsí. "Mo rì í sínú aró, Ìyá."

"Àjàní ni lóòótọ́. Ṣé o ti jẹun?"

Oúnjẹ àti ara líle nìkan ni wọ́n máa ń sọ. Tí mo bá ní kó sọ ọ̀rọ̀ ilé kan fún un, á mi orí, á dá fóònù padà fún mi. "Ọ̀rọ̀ gidi," á ní, "etí tí mo bá ń fojú rí ni mo máa ń sọ ọ́ sí."

Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni ilé Ìyá Rábíù, aládùúgbò wa. Láàárín ilé méjèèjì, ilẹ̀ kan wà tí kò ju ohun tí èèyàn lè kọ́ ìsọ̀ kan sí lọ. Ọlọ kan tó ti fọ́ wà láàárín ilẹ̀ náà, wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀ láyé àtijọ́. Ìyá Rábíù ní ọlọ yẹn ni ààlà. Ìyá Àgbà ní ọlọ kì í ṣe ààlà, ọlọ ni, ilẹ̀ wa sì lọ títí dé ògiri wọn. Wọ́n ti ń jà á kí n tó gbọ́n, ìgbálẹ̀ ni wọ́n sì fi ń jà á. Láràárọ̀, tí Ìyá Àgbà bá ti kírun àsùbáà tán, á jáde, á gbá ilẹ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́ ilé wa lọ, tó bá dé ọlọ, á fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan ré e kọjá. Kò ní pẹ́ tí Ìyá Rábíù á fi jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ tirẹ̀, á gbá a padà dé ọlọ.

"Ẹ ti jí, Ìyá Alóbì? Olè ilẹ̀ kì í pẹ́ lórí ẹní."

"Mo ti jí. Ẹni tó ní nǹkan ló ń tètè jí. Ìwọ lè padà lọ sùn."

"Ọlọ ń wò yín o!"

"Jẹ́ kó wò mí. Ìyá ọkọ mi ló lọ ata lórí ẹ̀."

N ò rí i kí ọ̀kan nínú wọn wọ ilé ìkejì rí. Nígbà kan, lásìkò ọyẹ́, Ìyá Rábíù kò jáde láàárọ̀. Lọ́jọ́ kejì kò tún jáde. Ìyá Àgbà gbá ilẹ̀ tirẹ̀ tán, ó fi ìdí ìgbálẹ̀ ti àgbọ̀n, ó ń wo ilẹ̀kùn wọn. Nígbà tó wọlé, ó po ẹ̀kọ gbígbóná, ó gbé e fún mi.

"Gbé e lọ fún un. Má sọ pé èmi ni."

"Kí ni kí n sọ, Ìyá Àgbà?"

"Sọ pé o rí i lójú ọ̀nà."

Mo bá Ìyá Rábíù lórí ẹní, ibà ló ń ṣe é. Mo sọ ohun tí wọ́n ní kí n sọ. Ó wo abọ́ náà, ó wò mí. "Ta ni í rí ẹ̀kọ he lójú ọ̀nà Bẹyẹrúnká? Mo mọ ọwọ́ tó pò ó. Tọ́ ọ wò kí n rí i." Mo tọ́ ọ wò, ó sì mu ún tán. Nígbà tí mo padà délé, ohun àkọ́kọ́ tí Ìyá Àgbà bi mí ni bóyá ó ní kí n tọ́ ọ wò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí, ó jọ pé inú rẹ̀ dùn. "Mo ti mọ̀ pé òmùgọ̀ kọ́ ni mo ń bá jà."

Mo ti sọ ìwọ̀nyí ṣáájú kí ẹ lè mọ irú ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí Bàbá Kúdí kó wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Kúdí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àkọ́bí Ìyá Àgbà, òun sì ni olórí ilé láti ìgbà tí bàbá àgbà ti kú. Ìròyìn ti dé pé wọ́n ti gbé Wàhábì ga níbi iṣẹ́ ṣọ́jà, pé ó ti di Mejọ̀. Kò sẹ́ni tó ga tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé wa. Bàbá Kúdí ní ká má fún un ní ẹ̀bùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí gbogbo ilé fún un ní ẹyọ kan, kí ó sì jẹ́ ohun tí gbogbo àdúgbò á rí.

Ẹnì kan ní aago ọwọ́. Ìyá Àgbà ní, "Kó lè máa wo ìgbà tí wọ́n máa ní kó lọ sójú ogun?"

Ẹlòmíràn ní bàtà tó dára. "Ó ti jìnnà sí wa tó. Ẹ tún fẹ́ kó máa rìn lọ?"

Kúdí, ọmọ Bàbá Kúdí, ní ká ya fọ́tò rẹ̀ fẹ̀ gbàgàdà, ká fi gíláàsì sí i, ká gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Àgbà wo ògiri, ó wo Kúdí. "Òkú ló wà lára ògiri yìí o, gbogbo wọn."

Ìyàwó ilé kan kò lè mú un mọ́ra. "Ìyá, ó dà bíi pé atẹ́gùn nìkan ló kù tí a lè fún un."

"Ta ló máa fẹ́ ẹ sí i?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ni Bàbá Kúdí ti wúkọ́, tó sọ tirẹ̀.

"Ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé yìí, títí dé ògiri wọn lọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ ká fún Mejọ̀. Kó wọ aṣọ ṣọ́jà rẹ̀ wá, ká kó àga sórí ilẹ̀ náà, ká fà á lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo ayé, ká sì ri pátákó mọ́lẹ̀: ILẸ̀ MEJỌ̀."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ó yé gbogbo wa. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Rábíù, ọmọ aládùúgbò wa, da yanrìn sórí ilẹ̀ náà, ó ní òun fẹ́ kọ́ ìsọ̀. Bàbá Kúdí kọjú sí ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá, ìjà yín ti parí lónìí. Kí Rábíù wá hú pátákó ṣọ́jà, ká rí i."

Ó rò pé yóò súre fún òun. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ìjà tó ti ń fi ìgbálẹ̀ jà látìgbà èwe rẹ̀, wọ́n fẹ́ jà á parí fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ojú tó fi wo Bàbá Kúdí, mo ti rí i rí lórí ẹní obì. Ojú tó fi ń wo èyí tó bá dára jù lọ nínú apẹ̀rẹ̀ ni.

"Mùráínà, ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́?"

"Èmi ni, Màmá."

"Nígbà tí ọmọ náà kò tíì di nǹkan kan, kí lo fún un?"

Bàbá Kúdí ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sí èjìká.

"Ẹ ò fẹ́ fún un ní nǹkan. Ẹ fẹ́ ṣí fìlà lórí rẹ̀ ni, kẹ́ ẹ fi dẹ́rù ba èèyàn."

"Màmá, ẹ̀yin náà, ẹ fura jù! Ọmọ yín la ní ká fún nílẹ̀!"

"Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dàgbà di igi, ẹ fẹ́ gé e fi ṣe ọgbà."

Bàbá Kúdí ní ọ̀rọ̀ ti parí, òun ti bá Wàhábì sọ̀rọ̀ pé kó wá lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, pé a ní nǹkan fún un. Kò sọ ohun tó jẹ́ fún un.

N ò mọ òfin ṣọ́jà, ṣùgbọ́n mo mọ Rábíù. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n máa gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tí á lọ sùn. Tó bá ya fọ́tò àbúrò mi pẹ̀lú aṣọ ìjọba lórí ilẹ̀ tí à ń jà sí, tó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀, ipò tí Wàhábì fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ wá lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ilẹ̀ ìsọ̀ kan. Mo sọ fún Ìyá Àgbà pé kí n pè é lórí fóònù.

"Kí o ní kó ṣe kí ni?"

"Kí ó má gbà á."

"Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló fẹ́ fún un. Tó bá gbà á, ó ti wọ ìjà. Tó bá kọ̀ ọ́ lójú ayé, ó ti bú olórí ilé. Má fi ọmọ náà sáàárín, Àṣàkẹ́. Obì mélòó ló ṣẹ́kù?"

Ó yẹ kí n sọ àṣà kan fún yín, torí n ò mọ̀ bóyá ó wà nílé mìíràn. Nílé tiwa, tí agboolé bá fún èèyàn ní ẹ̀bùn, obì ni a fi ń pa á dé. Ẹni tó dàgbà jù ló máa là á, á ṣàdúrà, gbogbo èèyàn á ṣe àmín, wọ́n á sì jẹ ẹ́. Tí wọ́n bá ti jẹ obì, ẹ̀bùn ti parí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi nǹkan kún un mọ́. Àwọn bàbá wa ló ṣe é bẹ́ẹ̀ kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò má baà máa fi ẹ̀bùn díje. Òpin ètò ni obì máa ń jáde, lẹ́yìn gbogbo nǹkan.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Máì-gòrò wá ra ọjà, Ìyá Àgbà kò tà fún un. Ó ní apẹ̀rẹ̀ tó wà nílẹ̀ ti ní olówó. Ó jókòó sórí ẹní, ó tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò, ó fi ewé tútù tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ mìíràn, ó sì ń tò wọ́n sí i bí ẹyin.

Sátidé dé. Wọ́n kó àga sórí ilẹ̀ náà, pátákó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n fi aṣọ bò ó. Rábíù dúró ti yanrìn rẹ̀, ó ká apá méjèèjì mọ́ àyà, fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ìyá Rábíù wà lójú fèrèsé. Wàhábì dé, aṣọ ṣọ́jà rẹ̀ le gan-gan lára rẹ̀, ohun tuntun ń dán léjìká rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó wá dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Ìyá, èmi ni. Wàhábì ni."

"Èmi ò mọ ṣọ́jà kankan. Àjàní ni mo ń retí."

"Àjàní náà nìyí, Ìyá! Èmi tí mo ri adìẹ yín sínú aró!"

"Wọ́n lè ti sọ ìyẹn fún ọ. Wọlé lọ. Bùbá àti ṣòkòtò bàbá rẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹni tó bá jáde nínú rẹ̀ ni mo máa mọ̀."

Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, Wàhábì náà ń rẹ́rìn-ín, ó sì wọlé lọ. Bàbá Kúdí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, aṣọ yẹn la fẹ́ kí ayé rí o." Ìyá Àgbà ní ojú òun kò ríran dáadáa mọ́. Ojú tó ń rí ihò kòkòrò lára obì.

Nígbà tí Wàhábì jáde pẹ̀lú aṣọ bàbá wa lọ́rùn, Ìyá Àgbà ní kí n gbé apẹ̀rẹ̀ wá. Mo gbé e síwájú àbúrò mi. Ìyá Àgbà mú obì lórí rẹ̀, ó là á.

"Màmá," Bàbá Kúdí dìde, "kò tíì kan obì."

"Mùráínà, ṣé ìwọ lo máa sọ ìgbà tó kan obì fún mi?"

Ó jókòó. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ sókè. "Bìsìmílàhì. Àjàní, èyí ni ẹ̀bùn tí ilé fún ọ. Kí ipò rẹ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Àmín," ni gbogbo èèyàn dáhùn.

"Kí a má fi orúkọ rẹ jà."

"Àmín." Bàbá Kúdí náà ti ṣe é kó tó gbọ́ ohun tó ṣe àmín sí. Mo rí i lójú rẹ̀.

Wọ́n pín obì káàkiri. Ìyá Àgbà fi awẹ́ kan lé mi lọ́wọ́, ó ṣẹ́jú sí fèrèsé. "Gbé e fún un. Ẹlẹ́rìí tó dára jù ni ẹni tó ń bá ni jà." Mo kọjá ọlọ, mo kọjá Rábíù, mo na awẹ́ obì náà sókè. Ìyá Rábíù gbà á. Ó wo àga, ó wo pátákó tí wọ́n fi aṣọ bò, ó wo àbúrò mi nínú bùbá. Kò ní kí n tọ́ ọ wò. Ó jù ú sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́, ó sì pe ọmọ rẹ̀ wọlé.

Bàbá Kúdí nìkan ló kù tó di awẹ́ tirẹ̀ mú. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fi sẹ́nu.

Wàhábì fẹnu sí Ìyá Àgbà létí, ó rò pé eré ni gbogbo rẹ̀. "Ìyá Àgbà, obì nìkan? Mejọ̀ ni mí o! Èyí máa tán kí n tó dé bárékè."

"Torí pé ó máa tán ni mo ṣe fún ọ," ó ní. "Ẹ̀bùn tí kì í tán, ẹni tó fún ọ kò tíì fi í sílẹ̀."

Lẹ́yìn tó dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wá ní òun ti pín obì náà fún àwọn ọmọ ogun òun, wọ́n sì ní kí òun bá wọn kí ìyá.

Bàbá Kúdí kò bá Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ fún oṣù díẹ̀. Mo rò pé ó dùn ún, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní rárá. "Ẹni tó ń bínú sí mi, mo mọ ibi tó wà."

Ti yanrìn Rábíù, wọ́n kó o kúrò. N ò mọ ẹni tó ní kí wọ́n kó o. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì obì yẹn, Ìyá Àgbà ti jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó sì ti fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan ré ọlọ kọjá. "Olè ilẹ̀!" ni mo gbọ́ láti ìta.

Wàhábì wá síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, bùbá ló wọ̀. Ẹnì kan gbé omi fún un. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì na ife náà sí mi láìwo ojú mi. Mo mu díẹ̀.

Nígbà tí àlejò tán, mo jáde lẹ́yìn àsùbáà. Ẹnì kan ti gbá ilẹ̀ náà. Kì í ṣe ìhà tiwọn nìkan, kò dúró níbi ọlọ. Ó gbá a títí dé ògiri wa. Mo rántí Ìyá Àgbà: ẹni tó bá bá ọ gbálẹ̀ tí o ò pè é, wo ibi tó da pàǹtí sí. Mo lọ wò ó. Ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ ni Ìyá Rábíù da gbogbo rẹ̀ sí. Mo dúró, mo ń rò ó. N ò mọ̀ bóyá àánú ni, àbí ó ti fọgbọ́n gba ilẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo tètè jí. Mo mú ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbá ilẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ilé wa lọ. Nígbà tí mo dé ọlọ, mo dúró níbẹ̀. Èmi kò fẹ́ràn ìjà. Ilẹ̀kùn wọn dún. Ìyá Rábíù jáde, ìgbálẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá."

"Ṣé ibi tí o gbá a dé nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Mo dé ọlọ."

"Mo rí i. Ibẹ̀ kọ́ ni ìyá rẹ máa ń gbá a dé." Ó fi ìdí ìgbálẹ̀ tọ́ka sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ ní ìhà tiwọn. "Ibí yìí ni."

Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti máa wo obì, mo ń wá ibi tí ihò wà. N ò rí i. Síbẹ̀ mo bi í.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ kí n ré e kọjá?"

"Kí ni èmi máa wá gbá padà?"

Mo tẹ̀ síwájú, mo ré ọlọ kọjá, mo gbá a dé ibi tó fi hàn mí. Ó dúró títí mo fi parí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ìgbálẹ̀ rẹ̀ mú dáadáa.

"Olè ilẹ̀," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a padà.